Ẹrù Àlàájì Rájì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn Yorùbá ìlú Jẹ́dà nílẹ̀ Lárúbáwá ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, kó má wulẹ̀ dààmú lọ síbi ìsọmọlórúkọ wọn. Kó lọ wo ara páálí tí wọ́n fi ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé. Ọkùnrin tó bá ra ẹ̀rọ ìlọta fún ìyàwó rẹ̀ ní Ìwó kò jẹ́ kọ orúkọ ìyàwó sí i. Orúkọ ẹni tó dàgbà jù nínú agboolé ni yóò kọ, nítorí àgbà ló ń gba ẹrù, àgbà ló ń ṣàdúrà sí i, àgbà náà ló sì ń pe kálukú wá gba tirẹ̀. Bí àgbà náà bá kú, wọn kì í tètè pààrọ̀ orúkọ. Ojú máa ń tì wọ́n láti yọ orúkọ òkú olóore kúrò lára ẹrù. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá kan fi wà nílé tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan fóònù, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé nínú ìwé, àwọn ló ni ọgọ́rùn-ún fóònù. Àwọn mìíràn ti wà nínú sàréè, ẹrù ṣì ń wọlé fún wọn.

Hàmídàt mọ àṣà yìí dáadáa. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni. Àdúgbò Híńdáwíyà ní Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí, nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wá ṣe hájì tí wọn ò padà mọ́. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà rí lójú ayé rẹ̀. Ara páálí ló ti mọ Ìwó, ibẹ̀ ló ti mọ Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́, àfi bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ka àwòrán ilẹ̀. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá, ìyá náà sì ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ọkọ rẹ̀ bá iṣẹ́ lọ sí Ríyáàdì, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Jana, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ ní Dámáàmù. Bí Hàmídàt bá pè é, tó kí i lédè Yorùbá pẹ̀lú àdúrà gígùn, Lárúbáwá ni ọmọ fi ń dáhùn: "Tayyib, mama. Tayyib." Ó ti dára, màmá. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí ṣe wà pẹ̀lú èdè kan lẹ́nu tí kò rí ẹni bá a sọ ọ́ nínú ilé. Nígbà mìíràn ó máa ń bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ fún un pé, "Ìwọ náà ṣe sùúrù, o ó hó." Ìkòkò kì í dáhùn, ṣùgbọ́n kò ní fi Lárúbáwá dá a lóhùn, ìyẹn náà tó nǹkan.

Ọ́fíìsì akẹ́rù kan ní Ṣàráfíyà ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí àwọn àlejò ti ń fowó ránṣẹ́ sílé. Wọn á gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọn á kó o lọ sí ilé ẹrù wọn ní Báhárà, ní ojú ọ̀nà Mẹ́kà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o sínú kọ̀ǹténà tó ń lọ sí Èkó. Bassam ni ọ̀gá wọn, ọmọ ìlú náà ni, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí òfin tuntun le mọ́ ọjà tí ará ìlú lè lò tí ọmọ ogun náà sì lè lò, irú bíi ẹ̀rọ tó ń gbé dírónù fò, àwọn kẹ́míkà kan, àti kámẹ́rà tó ń rí ooru ara nínú òkùnkùn, Bassam rán Hàmídàt lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò fún ọjọ́ márùn-ún. Ó fún un ní òǹtẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ohun tó bá ń lọ sí Áfíríkà, ìwọ ni ojú mi." Ẹrù irú èyí kò gbọdọ̀ lọ àyàfi tí Hàmídàt bá mọ ẹni tó ń gbà á, ẹni tó máa lò ó, àti ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Inú rẹ̀ dùn sí òǹtẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ní ìlú yìí, ìwé ìgbélùú nìkan ni wọ́n ń bi í, tí ó ń tún un gbà lọ́dọọdún bí ẹni yá ilé gbé. Òun náà wá di ẹni tó ń bi ènìyàn ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó máa ń jókòó tì í nídìí káúńtà, tí wọn á bá a ṣe àwàdà títí wọn á fi gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá, bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹrù sílẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n ní ó ti di ọlọ́pàá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sá fún un. Nojeem ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì ní Mẹ́kà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, gbalaja ló dọ̀bálẹ̀ níwájú káúńtà, tí àwọn ará Íńdíà tó wà lórí ìlà fi rò pé àìsàn ló gbé e ṣubú. Hàmídàt rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Nojeem a wọkọ̀ wá láti Mẹ́kà, a jẹun nílé Hàmídàt, a máa pè é ní Ìyá Jana, a sì fi Yorùbá ṣàlàyé bí òjò ṣe ń rọ̀ ní abúlé wọn, Òkè-Ìrókò, ní ìhà Òkè-Ògùn. Láti ọjọ́ Ajé ni Hàmídàt ti máa ń ro ohun tó máa sè.

Láàárín ọdún kan ààbọ̀, Nojeem ti fi páálí mẹ́rin ránṣẹ́ sílé. Kámẹ́rà mẹ́fà mẹ́fà ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó ń rí ooru. Ó ní àwọn àgbẹ̀ ló fẹ́ máa fi mọ màlúù tí ara rẹ̀ bá gbóná, òótọ́ sì ni pé wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹni tó ń gbà á: Àlàájì Rájì Adéjàre. Orúkọ ẹni tó máa lò ó: Àlàájì Rájì Adéjàre. Hàmídàt tẹ òǹtẹ̀ sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òfin ní kó pe ẹni tó ń gba ẹrù lórí fóònù, kò sì pè é. Ṣé ọmọlúàbí á pe àgbàlagbà láti òkè òkun, kó máa bi í léèrè pé kí ló fẹ́ fi ẹrù tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ ṣe? Bó bá jẹ́ ará Íńdíà tàbí ará Filipíìnì ló jókòó sídìí káúńtà yẹn, ì bá ti pè é láìrònú lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Yorùbá ló jókòó síbẹ̀, ìtìjú àgbà sì dí i lójú.

Páálí karùn-ún dé. Ogún kámẹ́rà ló wà nínú rẹ̀. Bassam wò ó, ó ní, "Èyí pọ̀. Pe bàbá yẹn kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a máa kó kọ̀ǹténà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Hàmídàt pe nọ́ńbà tó wà lára fọ́ọ̀mù. Obìnrin arúgbó kan ló gbé e.

"Ta nìyẹn o?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Hàmídàt ni, láti Jẹ́dà, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù ránṣẹ́. Àlàájì Rájì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

"Àlàájì kẹ̀? Ọmọ mi, Àlàájì ti lo ọdún mẹ́ta nínú sàréè. Èmi Ràbíátù, ìyàwó rẹ̀, ni fóònù wà lọ́wọ́ mi. Nojeem ọmọ ọmọ mi ńkọ́?"

"Àlàáfíà ló wà, mà."

"Alihamudu lilahi. Yorùbá rẹ mà dán o! Ta ni bàbá rẹ?"

"Lásísì ni, mà. Ó ti kú."

"Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Oríkì rẹ ńkọ́? Kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́?"

Kò sí ẹni tó ti bi Hàmídàt ní ìyẹn láti ọdún mẹ́fà. "Àyìnkẹ́ ni, mà."

"Àyìnkẹ́! Àyìnkẹ́ mi ọ̀wọ́n. Ẹni tí a yìn yìn tí a kẹ́ kẹ́. O ò ní rí ogun ìdílé, o ò ní rí ogun àjò. Ilé ọkọ á sàn ọ́, ilé ọmọ á tù ọ́, Àyìnkẹ́."

Arúgbó náà ń bá a lọ, omijé sì ń dà lójú Hàmídàt sórí ìwé ẹrù. Ó wù ú kí obìnrin náà má dákẹ́ láéláé. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wà níwájú rẹ̀, ó sì ní láti bèèrè.

"Ìyá, àwọn kámẹ́rà tí Nojeem ń fi ránṣẹ́, ta ló ń lò ó?"

"Àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ abúlé ni. Àwọn ajínigbé gbé ẹ̀gbọ́n Nojeem lọ, a san owó, a ò rí i títí dòní. Ni àwọn ọmọkùnrin bá kó ara wọn jọ. Wọ́n ń fi wo màlúù lọ́sàn-án o, bó bá di alẹ́ wọ́n á dè é mọ́ ìbọn. Ọlọ́run ṣeun, àwọn oníṣẹ́ ibi ò tún wá mọ́. Àfi ti Dàúdà nìkan."

"Dàúdà wo, mà?"

"Ọmọ Sífáwù, aládùúgbò wa. Ewúrẹ́ rẹ̀ ló sọnù, ló wọ igbó lọ wá a ní ìdájí. Àwọn ọmọ wa rí i pé nǹkan ń gbóná nínú igbó, wọ́n sì yìnbọn. Ohun yẹn kì í fi ojú ènìyàn hàn, Àyìnkẹ́, ooru nìkan ló ń rí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyá rẹ̀ kò tíì lè wọ igbó yẹn láti oṣù Ṣàábáànì èṣí. Bá wa bẹ Ọlọ́run ní Kááíbà. N kò débẹ̀ rí."

Hàmídàt ṣàdúrà fún un, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ṣí ìwé ẹrù sẹ́yìn. Ìparí Jùmádà èṣí, ṣáájú Ṣàábáànì, ni páálí kẹta kúrò ní Báhárà, òǹtẹ̀ òun ló wà lára rẹ̀, kò parẹ́, kò ṣá.

Bassam kọjá. "O pè wọ́n?"

"Mo pè wọ́n."

"Wọ́n gbé e?"

"Wọ́n gbé e."

"Khalas, ó parí. Tẹ òǹtẹ̀ sí i." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí gbayawu. Bí Hàmídàt bá tẹ òǹtẹ̀, ẹrù á lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Nojeem á wá jẹun ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá sọ òótọ́, wọ́n á wádìí páálí mẹ́rin ìṣáájú náà, wọ́n á lé Nojeem kúrò nílé-ìwé, òun náà tó jẹ́ pé ọwọ́ Bassam ni ìwé ìgbélùú òun wà, wọ́n lè dá òun padà "sílé," sí ìlú tí òun ò dé rí, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń dúró de òun. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ìyá rẹ̀ a máa pa òwe yẹn bí àwàdà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó wọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà. Ó bá Nojeem níwájú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́. Nojeem dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ra tíì, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tó ń lọ ṣe úmúrà sì ń kọjá níwájú wọn lẹ́gbẹẹgbẹ́.

"Nojeem, mo bá ìyá rẹ àgbà sọ̀rọ̀. Àlàájì Rájì ti kú."

"Ìyá Jana, orúkọ ilé wa náà nìyẹn. Gbogbo wa la ṣì ń kọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀. O gbọ́ nípa Dàúdà?"

"Mo gbọ́."

"O gbọ́, o sì tún ra ogún sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Dàúdà kú, ó dùn mí, a jọ lọ ilé kéwú ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ní kámẹ́rà yẹn, ènìyàn mọ́kànlá ni wọ́n kó lọ ní abúlé wa. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹyọ kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀."

"Ọ̀nà wà. Kí ìjọba ilé kọ ìwé pé àwọn báyìí ló máa mú un lọ́wọ́, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo lè bá ọ kọ ọ́. Oṣù mẹ́fà, bóyá mẹ́jọ."

"Ìwé mélòó ni bàbá mi kọ sí ìjọba nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ? Ìyá Jana, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí eléyìí kọjá. N kò ní rán òmíràn. Mo fi Ọlọ́run tó ni Kááíbà búra."

Hàmídàt fẹ́ gbà. Kí a má parọ́ mọ́ ọn, ó ti ya ẹnu láti sọ pé kò burú. Ọ̀ràn ewúrẹ́ tó sọnù ló tún sọ sí i lọ́kàn.

"Mo wá sọ fún ọ kó má baà jẹ́ ẹlòmíràn lo ti gbọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àti ẹrù mẹ́rin tó ti lọ."

Nojeem dìde. Tíì rẹ̀ ṣì kún kọ́ọ̀bù. "Ó rọrùn fún yín," ni ó wí. "Ẹ ò ní ẹnì kankan nílé. Ara páálí ni ilé wà lójú tiyín. Ó dàbọ̀, Hàjìá Hàmídàt." Kò dọ̀bálẹ̀. Ó wọlé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá a rìn lọ sí Háráámù, mọ́sálásí ńlá tí Kááíbà wà. Ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yí Kááíbà ká lẹ́ẹ̀meje, èjìká ń kan èjìká. Ó fi orúkọ Ìyá Ràbíátù bẹ Ọlọ́run bí ìyá náà ti ní kó ṣe, ó fi orúkọ Dàúdà àti ti ìyá Dàúdà bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kan tirẹ̀, kò mọ ohun tó fẹ́ bèèrè. Ó wọkọ̀ padà sí Jẹ́dà.

Ojú ewé mẹ́ta ló kọ. Ó ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn òun, orúkọ tó wà lára ẹrù kì í ṣe orúkọ ẹni tó máa lò ó. Pé ìbéèrè fọ́ọ̀mù náà kò dára tó. Pé kí wọ́n yéé bèèrè ẹni tó ń gba ẹrù nìkan, kí wọ́n máa bèèrè ọwọ́ tí yóò mú un, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí ẹni náà sì fúnra rẹ̀ gbé fóònù. Ó kọ ọ́ pé òun ló tẹ òǹtẹ̀ mẹ́rin láìpe ẹnikẹ́ni. Bassam kà á tán, ó tún un kà.

"Orúkọ ara rẹ lo kọ síbẹ̀ yìí. O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ṣé o rí i pé mi ò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n sọ?"

"Mo rí i."

Àwọn aláṣẹ wá, wọ́n dá páálí karùn-ún dúró, wọ́n sì gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò dá a padà sílé, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìwé náà fún wọn. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gba ìbéèrè tó kọ, wọ́n fi kún fọ́ọ̀mù, láìsọ ẹni tó mú un wá. Bassam gbé e lọ sí ilé ẹrù ní Báhárà, kó máa lẹ nọ́ńbà mọ́ páálí. Ní ti Nojeem, ilé-ìwé ní kó máa lọ. Kí oṣù Ààwẹ̀ tó dé, ó ti fi Mẹ́kà sílẹ̀.

Ìròyìn kì í gbé ibì kan. Ní àsàlátù àwọn obìnrin, bí Hàmídàt bá jókòó, àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a rántí pé àwọn fẹ́ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Kò lọ mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó se oúnjẹ ẹni méjì kó tó rántí. Ó jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fóònù dún ní Báhárà, tó ń lẹ nọ́ńbà lọ́wọ́. Ó mọ nọ́ńbà náà.

"Àyìnkẹ́! Ṣé dáadáa lo wà, ọmọ mi? Èmi Ràbíátù ni. Mo ní kí wọ́n bá mi wá nọ́ńbà rẹ."

"Ẹ káàsán, Ìyá. Ṣé ara le?"

"Ara ò le, Àyìnkẹ́. Nojeem ti dé. Kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ilẹ̀. Ọdún kan ló kù kó gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yín ló kọ̀wé mọ́ ọn, obìnrin kan tó ti jẹ iyọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Mo bi Nojeem, ó kọ̀, kò dárúkọ rẹ̀. Mo wá rántí ìwọ. Ìwọ tó wà nínú wọn, bá mi wádìí ẹ̀. Àwọn àlùfáà fẹ́ bá mi fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́, wọ́n ní kí n mú orúkọ rẹ̀ wá àti orúkọ ìyá tó bí i."

Hàmídàt jókòó sórí páálí kan. Bó bá sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, arúgbó yìí á tún pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá lọ́sẹ̀ kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Á máa pè é ní Àyìnkẹ́ títí ọ̀kan nínú wọn á fi kú. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

"O ń gbọ́ mi, ọmọ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, mà."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Nítorí Dàúdà ló ṣe kọ̀wé náà, mà."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Hàmídàt Àyìnkẹ́ ni, mà. Mùníràtù ni orúkọ ìyá rẹ̀."

Hàmídàt ń gbọ́ èémí Ìyá Ràbíátù, ó sì ń gbọ́ adìẹ kan tó ń ké ní àgbàlá níbẹ̀, ní Òkè-Ìrókò. Ó di fóònù mú mọ́ etí títí ìlà fi já.